Ìṣètò Ìpele nínú Eré Ìbọn: Ohun tó Dára àti Kùdìẹ̀-Kudiẹ inú Halo: Combat Evolved

Ìpele ni orúkọ tí àwọn tó ń gbá géèmù ń pe ibùdó kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ là kọjá kí eré tó tẹ̀ síwájú. Nínú eré ìbọn, níbi tí agbágéèmù ti ń fi ojú akọni wo ayé, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ àti ìbọn nìkan ni ó ń rí lára ara rẹ̀, ìpele kì í ṣe àwòrán ẹ̀yìn lásán. Ògiri ibẹ̀ ni ó ń pinnu ibi tí ọta lè gbà wọlé. Òkúta ibẹ̀ ni ibi ìsápamọ́. Gíga òkè ibẹ̀ ni ó ń sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ rí ẹnì kejì. Bí òǹkọ̀wé ṣe ń fi gbólóhùn darí òǹkàwé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ṣètò ìpele ń fi ilẹ̀kùn, iná, òkè àti kòtò darí agbágéèmù. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀: òǹkàwé kì í ṣìnà láàárín ojú ìwé. Agbágéèmù lè ṣìnà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mọ ibùdó ìtàn gẹ́gẹ́ bí àyè àti àkókò tí ìṣẹ̀lẹ̀ ti wáyé. Nínú eré ìbọn, ibùdó ìtàn àti àhunpọ̀ ìtàn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun kan ṣoṣo. Ibi tí ọ̀nà bá yà sí ni ìtàn ń yà sí. Ibi tí ọ̀nà bá dí ni ìtàn ń dúró sí. Ìdí nìyí tí ìpele tí wọn kò ṣètò dáadáa fi lè ba ìtàn tó dára jẹ́, tí ìpele tó gún régé sì lè gbé ìtàn tí kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Gbogbo ìpele tí a fi ìtàn kan so pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni àlàyé yìí yóò máa pè ní ìrìn-ogun, láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìfigagbága láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, èyí tí kò ní ìtàn kankan nínú.

Eré tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni Halo: Combat Evolved. Ilé-iṣẹ́ Bungie ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe é. Ní 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í han aráyé níbi àpéjọ Macworld, Steve Jobs ni ó sì kéde rẹ̀ lórí pèpéle. Ní 2000, Microsoft ra Bungie, ó sì di dandan kí eré náà wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí Xbox, ẹ̀rọ ìgbágéèmù tuntun wọn, yóò jáde ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 15, oṣù kọkànlá, ọdún 2001 ni ọjọ́ náà. Ìpele mẹ́wàá ni ó wà nínú ìrìn-ogun rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn wà lára ohun tó dára jù lọ tí ẹnikẹ́ni ti ṣe nínú irú eré yìí. Àwọn mìíràn sì jẹ́ èyí tí àwọn olólùfẹ́ eré náà gan-an ń ráhùn nípa wọn títí di òní. Ọwọ́ kan náà ni ó ṣe méjèèjì, pẹ̀lú ohun èlò kan náà, lábẹ́ ìkánjú kan náà. Nítorí náà ni ó fi wúlò fún ẹ̀kọ́ ju eré tó dára látòkè délẹ̀ lọ.

Ìtàn rẹ̀ kò díjú. Ní ọdún 2552, ọmọ aráyé ń bá Covenant jagun, àpapọ̀ onírúurú ẹ̀dá tí kì í ṣe ènìyàn, tí ẹ̀sìn kan so pọ̀. Pillar of Autumn, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ ogun ènìyàn, sá kúrò lójú ogun, ó sì já sí iwájú òrùka ràgàjì kan tó ń léfòó nínú òfuurufú. Inú òrùka náà ní òkun, igbó, òkè àti ojú sánmà tirẹ̀. Olú ẹ̀dá ìtàn ni ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Master Chief, ẹni tí kò sí ẹni tó ń rí ojú rẹ̀. Cortana, ọpọlọ àtọwọ́dá tó wà nínú àṣíborí rẹ̀, ni ó ń bá a sọ̀rọ̀ tí ó sì ń tọ́ ọ sọ́nà.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá

Jaime Griesemer, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe eré náà, sọ nígbà kan pé ìpìlẹ̀ Halo ni nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá adùn tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Àwọn ènìyàn gbá ọ̀rọ̀ náà mú, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí pé kí a ṣáà ti rí ohun kan tó dùn, kí a sì máa tún un ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé wọ́n gé òun kúrú. Iṣẹ́ tó kù, tó sì pọ̀ jù, ni kí a mú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá náà lọ sí ibùdó ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ìbọn ọ̀tọ̀, ọkọ̀ ọ̀tọ̀ àti ọ̀tá ọ̀tọ̀, kí ó má baà jọ ara rẹ̀ mọ́. Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni òṣùwọ̀n tó yẹ kí a fi wọn ìpele mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá yìí? Agbágéèmù rí ọ̀tá lókèèrè. Ìbọn méjì péré ni ó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ó ti gbọ́dọ̀ yan èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Ó ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù, ó yìnbọn, ó sún mọ́ ọ̀tá, ó fi ìdí ìbọn gbá a. Bí ọta bá ba òun náà, asà iná tó yí ara rẹ̀ ká ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Bí asà náà bá sì tán, ó gbọ́dọ̀ sá pamọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan kí ó lè padà bọ̀ sípò. Ìlànà kékeré yìí ni ó yí ìṣètò ìpele padà. Nínú ọ̀pọ̀ eré ìbọn tó ṣáájú, ẹ̀mí tí agbágéèmù bá pàdánù kò padà àfi tí ó bá rí oògùn he nílẹ̀, nítorí náà àwọn aṣètò ìpele ní láti máa wọ́n oògùn sójú ọ̀nà bí ẹni ń wọ́n àgbàdo fádìẹ. Halo kò yọ oògùn kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n àpáta, òpó, igi àti kọ̀rọ̀ ilé ni ó di oògùn gan-an. Ibi tí a gbé òkúta sí di ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú.

Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá. Àwọn Covenant ní ìwà. Elite, tó ga, tó sì ní asà bí ti akọni, máa ń yẹ ọta, máa ń sá pamọ́ nígbà tí asà rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Grunt, tó kúrú, tó sì pọ̀, máa ń fẹsẹ̀ fẹ́ẹ pẹ̀lú igbe bí olórí rẹ̀ bá kú. Jackal máa ń gbé asà iná síwájú bí ẹni gbé ìlẹ̀kùn dání, ẹ̀gbẹ́ ni a sì ti gbọ́dọ̀ kọ lù ú. Àwọn wọ̀nyí náà ń lo òkúta àti òpó. Nítorí bẹ́ẹ̀, pápá kan náà lè bí ìjà mẹ́wàá tí kò jọra, bí ẹni tó ṣètò rẹ̀ bá fún un ní ọ̀nà púpọ̀ àti ibi ìsápamọ́ púpọ̀. Kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò ṣàlàyé ìdí tí ìpele keje fi ṣubú.

Erékùṣù

Ìpele kìíní, nínú ọkọ̀ Pillar of Autumn, jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí a fi aṣọ ogun bò. Wọ́n jí Master Chief lójú oorun dídì, òṣìṣẹ́ kan sì ní kí ó wo àwọn iná tó wà lókè àti nísàlẹ̀, bí ẹni pé aṣọ ogun rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹ̀tàn rere ni: ẹ̀rọ ń wo ọ̀nà tí agbágéèmù gbà gbé ojú sókè, ó sì ń to ìdarí sí ìbámu pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, ìjà kéékèèké, ó parí.

Ní ìpele kejì ni eré náà ti ṣí ojú rẹ̀. Ọkọ̀ àsálà já lulẹ̀ nínú àfonífojì aláwọ̀ ewé, agbágéèmù jáde, ó gbójú sókè, ó sì rí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ dúró lé tó ń gòkè lọ sójú sánmà, tó tẹ̀ kọrọdọ, tó sì padà wá láti ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un mọ́ pé orí òrùka ni ó wà. Láti ibẹ̀ wọ́n fún un ní ọkọ̀ jíìpù ogun tí wọ́n ń pè ní Warthog, àti àwọn ọmọ ogun tí yóò wá kiri níbi mẹ́ta. Èyí tó bá wù ú ni ó lè kọ́kọ́ lọ.

Ìpele kẹrin, The Silent Cartographer, ni ó yẹ kí a dúró sí pẹ́. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni a lè fi mọ̀ ọ́n: ọkọ̀ òfuurufú méjì fò lọ́sàn-án gangan, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan orí omi, erékùṣù sì ń tóbi sí i níwájú. Kí ọkọ̀ tó balẹ̀ rárá, agbágéèmù ti rí etíkun, àwọn ọ̀tá tó dúró síbẹ̀, àwọn òkúta tó lè sá sí, àti òkè tó wà láàárín erékùṣù. A kò fún un ní àwòrán ilẹ̀. Ojú ara rẹ̀ ni ó fi ya á. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan iyanrìn, kò sí ohun tó ṣàjèjì sí i mọ́.

Bí erékùṣù náà ṣe rí ni àṣírí ìpele yìí. Omi yí i ká, òkè wà láàárín, ọ̀nà sì gba etí omi lọ. Ẹni tó bá jẹ́ kí òkun wà lọ́wọ́ kan, kí òkè wà lọ́wọ́ kejì, kò lè sọnù, síbẹ̀ kò sí ògiri kankan tó ń tì í. Òmìnira tí ó ní kò tó bí ó ti rò ó, ṣùgbọ́n kò ní ìdí láti bèèrè. Ní ibùdó ọ̀tá kọ̀ọ̀kan, ó lè gun Warthog wọ àárín wọn, ó lè fi í sílẹ̀ lẹ́yìn àpáta kí ó máa fi ẹsẹ̀ rákò, ó lè jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ṣáájú. Kò sí ẹni tó ń pàṣẹ.

Lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀kùn wá. Agbágéèmù dé ẹnu ọ̀nà ilé àtijọ́ tó wọ inú ilẹ̀ lọ, àwọn Covenant sì ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn lójú. Cortana sọ pé ó gbọ́dọ̀ lọ wá ibi tí wọ́n ti ń darí ààbò ilé náà, ní apá mìíràn erékùṣù. Ó lọ, ó ja ìjà tó yàtọ̀ níbẹ̀, ó sì padà. Wọ́n fi ibi tó ń lọ hàn án kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà, ní gbogbo àkókò tó ń yí erékùṣù ká, ó mọ ohun tó ń wá àti ibi tí yóò lò ó. Ìpadàbọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe àsọdùn ọ̀nà: àwọn ọ̀tá tuntun ti wá, ibi tó ti fi oòrùn sílẹ̀ ni ó ń lọ sínú òkùnkùn, ihò jíjìn tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti pẹpẹ dé pẹpẹ. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, gbangba àti tóóró, ìyára ọkọ̀ àti ìlọ́ra ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń pààrọ̀ ipò. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kan náà ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa rí i bẹ́ẹ̀.

Àbàtà

Agbára mìíràn tí eré yìí ní, tí ọ̀pọ̀ tó fara wé e kò rí kọ́, ni mímọ ìgbà tí kò yẹ kí ìjà wà. Ìpele kẹfà, 343 Guilty Spark, gbé agbágéèmù sínú àbàtà, nínú kùrukùru. Ọ̀gágun Keyes ti lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, a kò sì gbúròó wọn mọ́. Ọ̀tá tó wà lójú ọ̀nà kò pọ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń sá bọ̀ láti ibi tí agbágéèmù ń lọ. Nínú ilé tó wọ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára ògiri, òkú Covenant wà nílẹ̀ tí kò sí ẹni tó pa wọ́n níbẹ̀. Ó pàdé ọmọ ogun ènìyàn kan tó ti ya wèrè, tó ń yìnbọn sí ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọn. Ó lọ síwájú sí i, yàrá lẹ́yìn yàrá, ọ̀tá kò jáde.

Agbágéèmù tó ti lo ìpele márùn-ún láti kọ́ pé yàrá ńlá túmọ̀ sí ìjà ńlá ń wọ àwọn yàrá ńlá tó pa rọ́rọ́. Ohun tó kọ́ ni ó ń dẹ́rù bà á. Nígbà tí ó bá sì ti ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn, tí ó wo àwòrán tí àṣíborí ọmọ ogun kan gbà sílẹ̀, tí àwọn Flood, ẹ̀dá àfòmọ́ tó ń wọ inú òkú àti alààyè láti sọ wọ́n di tirẹ̀, wá tú jáde, ilẹ̀kùn ti dí lẹ́yìn rẹ̀. Ilé kan náà tó wọ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ ni yóò fi eré sísá jáde nínú rẹ̀. Ìfojúsọ́nà inú ìtàn àròsọ kì í sábà rí ibùdó tó báyìí mú.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà

Kùdìẹ̀-kudiẹ eré náà ti yọjú kí ó tó dé ibẹ̀. Ìpele karùn-ún, Assault on the Control Room, gùn, ó sì rẹwà níta: yìnyín, afárá gíga, ọkọ̀ ogun onírin tí agbágéèmù lè fúnra rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n láàárín pápá kan sí èkejì, ó gbọ́dọ̀ kọjá nínú ilé, àwọn ilé náà sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá yí kọjú sẹ́yìn nítorí ọta lè má mọ ibi tó ti wá mọ́. Yàrá kan náà, òpó kan náà, ilẹ̀kùn kan náà, nígbà púpọ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, àwọn ọ̀tá ibẹ̀ ṣì ní ìwà, yàrá kan náà sì lè mú ìjà tó yàtọ̀ jáde. Ìpele náà ṣe é fara dà.

The Library, ìpele keje, kò ṣe é fara dà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 343 Guilty Spark, mú Master Chief lọ sí ilé gíga kan láti mú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń pè ní Index. Ilé náà jẹ́ àjà lórí àjà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀, ó ṣókùnkùn, ó sì jọ ti ìṣáájú rẹ̀. Agbágéèmù rìn, ilẹ̀kùn ńlá dí níwájú, Guilty Spark lọ ṣí i, àwọn Flood tú jáde lójú ihò ògiri títí ilẹ̀kùn fi ṣí. Ó rìn, ilẹ̀kùn dí. Ní òpin àjà, ó gun pẹpẹ tó ń gbéni ròkè, àwọn Flood tú jáde. Ó dé àjà kejì, ó rìn, ilẹ̀kùn dí.

Ó rọrùn láti sọ pé àwítúnwí ni ó ba ìpele yìí jẹ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò tó. Àwítúnwí fúnra rẹ̀ kì í ṣe àléébù. Ẹni tó bá mọ ewì alohùn Yorùbá mọ̀ pé a lè tún ọ̀rọ̀ kan wí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó sì wúwo sí i lẹ́ẹ̀kẹta, bí ohun kan bá yí padà láàárín. Ìpele karùn-ún náà tún ara rẹ̀ wí. Ohun tó pa The Library ni pé wọ́n mú ìdajì kejì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kúrò. Flood kì í sá pamọ́. Kì í yẹ ọta, kì í bẹ̀rù, olórí rẹ̀ kì í kú kí ó fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Ó kàn ń sáré bọ̀ tààrà ni. Lójú irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀, òpó kì í ṣe òpó mọ́, kọ̀rọ̀ kì í ṣe kọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí aṣètò ìpele lè fi àyè sọ ti yadi. Ìbọn náà dín kù sí ọ̀kan: shotgun ni ó yẹ Flood jù, ẹni tó bá sì rí i kò ní ìdí láti fi í sílẹ̀. Yíyan ìbọn méjì, tó jẹ́ ọgbọ́n pàtàkì níbòmíràn, di ohun tí kò nítumọ̀.

Ká ní Covenant ni wọ́n kó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbígbòòrò yẹn, ó ṣeé ṣe kí a máa yìn ín. Ká ní àbàtà ni wọ́n fi Flood sí nígbà gbogbo, kí wọ́n máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú kùrukùru, ẹ̀rù wọn kò bá tí gbó kíákíá. Àṣìṣe náà wà nínú bí a ṣe so àwọn méjèèjì pọ̀.

Àwọn aṣètò náà mọ̀. Wọ́n fi àkọlé ẹ̀fẹ̀ sí àárín ìpele náà, tó ń kìlọ̀ fún agbágéèmù pé ìyà ṣì kù níwájú. Ẹ̀rín músẹ́ ni ó yẹ kí ó fà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kú lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójú ilẹ̀kùn kan náà kì í sábà rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí a gbọ́ ti àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn. Wọ́n ní kí agbágéèmù rẹ̀ ni ète ibẹ̀. Pé Flood gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kò lópin, kí a lè gbà pé ó tọ́ láti pa gbogbo ẹ̀dá òfuurufú run kí wọ́n má baà tàn kálẹ̀, èyí tí ìtàn sọ pé wọ́n kọ́ òrùka náà fún. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ akọni àti ìsúni agbágéèmù kì í ṣe ohun kan náà. Òǹkọ̀wé lè ṣàpèjúwe ìrìn-àjò tó súni láìsú òǹkàwé. The Library kò mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ọ̀nà tí a ti rìn rí

Nínú ìpele mẹ́ta tó kù, ilẹ̀ àtijọ́ ni agbágéèmù ń padà sí. Ìpele kẹjọ, Two Betrayals, bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìpele karùn-ún parí sí, ó sì gba ọ̀nà kan náà padà sẹ́yìn. Ìpele kẹsàn-án, Keyes, padà sínú ọkọ̀ Covenant tí a ti wọ̀ ní ìpele kẹta. Ìpele kẹwàá, The Maw, padà sínú Pillar of Autumn tó ti fọ́. Ọjọ́ tí Xbox yóò jáde kò ṣe é sún síwájú, ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ sì wà nílẹ̀. Kò ṣòro láti rí ìdí tí wọ́n fi lò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó yẹ ní bíbéèrè ni bóyá wọ́n lò ó dáadáa.

Ní ìpele kẹjọ, ìdáhùn ni bẹ́ẹ̀ ni, tó bá ṣẹ́ kù sí ìta. Yìnyín ti di ti òru. Covenant àti Flood ń bá ara wọn jà, agbágéèmù sì lè dúró lókè afárá kí ó máa wò wọ́n, kí ó wá sọ̀ kalẹ̀ láti pa èyí tó bá ṣẹ́gun. Ọgbọ́n tuntun ni èyí, ilẹ̀ àtijọ́ ni ó sì jẹ́ kí ó hàn: ẹni tó mọ ibi tí òkúta wà lè ronú nípa ìgbà tí yóò jà dípò ibi tí yóò sá sí. Ó tún lè gba ọkọ̀ Banshee tó ń fò lọ́wọ́ ọ̀tá, kí ó fò kọjá ibi tó fi ẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀. Nínú ilé, yàrá kan náà ni, tó ti jọra lẹ́ẹ̀kìíní, tó tún wá jọra lẹ́ẹ̀kejì.

Keyes kò ní ìdáríjì púpọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ aláwọ̀ àlùkò inú ọkọ̀ náà ti ṣòro láti mọ̀ yàtọ̀ síra nígbà àkọ́kọ́, ìbàjẹ́ tí wọ́n dà sára ògiri kò sì sọ ọ́ di ibòmíràn. Ohun tó gbà á là ni ìtàn: Keyes tí a wá gbà là ní ìpele kẹta ni a tún wá gbà là níhìn-ín, ibi kan náà, a sì pẹ́ jù. Ibùdó náà ń rántí ohun tí akọni ń rántí.

The Maw ni ó lo ìpadàbọ̀ dáadáa jù. Ẹni tó kọ́ bí a ti ń rìn nínú ọkọ̀ yẹn ní ìpele kìíní ń rí i báyìí ní àfọ́kù, iná ń jó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ ti di ibùgbé Flood. Lẹ́yìn tó bá ba ẹ̀rọ ọkọ̀ náà jẹ́, aago bẹ̀rẹ̀ sí kà sẹ́yìn, wọ́n sì fún un ní Warthog láti sá lọ lójú ọ̀nà gígùn tó gba inú ọkọ̀ já. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, tóóró, kò sí òmìnira kankan nínú rẹ̀, òdìkejì erékùṣù pátápátá. Ó sì dùn. Awakọ̀ òfuurufú Foehammer, tó ti ń gbé Warthog wá láti ìpele kejì, fò bọ̀ láti gbé e, wọ́n sì yìnbọn lù ú lójú rẹ̀. Agbágéèmù kò lè dúró ṣọ̀fọ̀. Aago ń kà.

Ní 2011, ọdún kẹwàá eré náà, wọ́n tún gbé e jáde pẹ̀lú àwòrán tuntun. Bọ́tìnnì kan wà tí agbágéèmù lè tẹ̀ nígbàkúùgbà láti pààrọ̀ àwòrán tuntun sí ti àtijọ́, nítorí pé wọn kò fọwọ́ kan ìṣètò ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ya ìṣètò ìpele sọ́tọ̀ kúrò lára ẹwà ojú, bọ́tìnnì yẹn wúlò ju ìwé púpọ̀ lọ. Tí ó bá tẹ̀ ẹ́ létíkun ìpele kẹrin, igi àti omi ni yóò yí padà, ìjà náà yóò sì dára bákan náà lọ́nà méjèèjì. Tí ó bá tẹ̀ ẹ́ nínú The Library, iná tuntun yóò tàn sára ògiri, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò sì ní fi ẹsẹ̀ kan kúrú sí i.